Eku Méjì Kọ́ Ni Mò Ń Lé

 

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù Kọkànlá. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni. A ti jẹun tán, ìwé tí mo fẹ́ fi yan ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí mo máa ṣe fún A-level sì wà lórí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí mọ̀ pé ìwé yẹn kì í ṣe ìwé kékeré. Gbogbo ẹ̀kọ́ tá a ti ń kó jọ láti ìgbà tá a ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ọjọ́ kan ni wọ́n á ní ká da púpọ̀ nínú ẹ̀ nù, ká mú mẹ́ta. Èmi ti kọ tèmi: Art, Music Technology, Computer Science. Dádì mi gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá bọ́ awò náà.

"Kí lo fẹ́ dà gan-an?"

Mo ní, "Dádì, mo fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọnà. Àwòrán, orin, fíìmù, gbogbo ẹ̀ pọ̀."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá lé eku méjì, á pòfo. Ìwọ, mẹ́ta lò ń lé. Mú ọ̀kan."

Mọ́mì mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń kó àwo lọ sí kíṣìnì.

Mi ò dá Dádì lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í fi òwe lé òwe bàbá ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó títí, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ èyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, àmọ́ kí n kọ òótọ́. Èrò mi nìyí: ẹni tó ń lo àwòrán, ohùn, ọ̀rọ̀ àti ìlù nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọkàn ẹ̀ kò pín. Ìbéèrè tá a máa ń bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́. "Èwo lo máa mú?" là ń bi í. Ì bá dára ká bi í pé, "Èwo ló ṣáájú nínú wọn, ìgbà wo lo sì máa parí ẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Ìyá tó bí Dádì mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbàdàn, aládìrẹ ni wọ́n. Ọwọ́ ti ń ro wọ́n báyìí, wọn kì í rẹ aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo bó ṣe ń lọ ṣì wà lórí wọn. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á fi láfún àti álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ, wọ́n á mú ìyẹ́ adìẹ, wọ́n á máa tì í bọ inú ẹ̀kọ náà, wọ́n á sì fi ya àwòrán sára aṣọ funfun. Wọ́n á sá a sí oòrùn kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rì í sínú aró tí wọ́n fi ewé ẹlú ṣe, wọ́n á yọ ọ́ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún rì í. Màmá ní bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó máa ń fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú ẹni. Ibi tí ẹ̀kọ wà, aró ò ní lè débẹ̀. Bí wọ́n bá fọ ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán á yọ.

Àwòrán yẹn gan-an lórúkọ. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó máa ń wà nínú ẹ̀. Ìtàn ìlú wà lára aṣọ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á kà á.

Mo bi Màmá lórí fóònù pé, "Màmá, iṣẹ́ mélòó lẹ ń ṣe nígbà yẹn? Ẹ̀ ń sè, ẹ̀ ń yàwòrán, ẹ̀ ń po aró, ẹ̀ ń kọrin sí i, ẹ tún ń gbé e lọ sọ́jà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ mélòó kẹ̀? Aládìrẹ ni mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú mi sílẹ̀. Ọwọ́ márùn-ún, orúkọ kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún Màmá pé kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n máa sè nìkan, tàbí kí wọ́n máa yàwòrán nìkan. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan, kò ní sí aṣọ.

Bó ṣe wà nínú èdè wa nìyẹn náà. Ẹni tó ń gbẹ́ igi, ọnà ló ń ṣe. Ẹni tó ń fín igbá, ọnà ló ń ṣe. Ẹni tó ń kó iṣẹ́ sí ọrùn agbádá, ọnà ni. Ọ̀rọ̀ kan ló gba gbogbo wọn. Ẹ sì wo eégún. Ẹ̀yin òbí tí ẹ jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ má bínú, ọgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ ni mò ń sọ o. Aṣọ wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, iwì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé aṣọ nìkan sínú àpótí dígí ní mùsíọ̀mù, kì í ṣe eégún lẹ gbé síbẹ̀, aṣọ lẹ gbé síbẹ̀.

Àwọn àgbà tí a mọ orúkọ wọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá ni Olóyè Hubert Ògúndé kí wọ́n tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1944, wọ́n ṣe eré fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èkó, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ eré, tí wọ́n ń kọ orin inú ẹ̀, tí wọ́n tún ń ṣeré lórí ìtàgé. Nígbà tí fíìmù wá gba ìlú, wọn ò sọ pé, "Èmi, onítíátà ni mí, fíìmù kì í ṣe tèmi." Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n gbé Aiyé jáde ní 1979. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí a wà yìí ni wọ́n kú sí ní 1990. Twins Seven-Seven náà, oníjó ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé Òṣogbo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán níbẹ̀ ní 1964, wọn ò sì torí ẹ̀ pa orin àti ijó tì. Ní 2005, àjọ UNESCO fi wọ́n ṣe Artist for Peace.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, "Ìyẹn dára fún ayé àtijọ́, kí ló kan kọ̀ǹpútà?" Ó kàn án gan-an ni. Nínú kọ̀ǹpútà, ohùn àti àwọ̀ kò jìnnà síra wọn rárá, nọ́ńbà ni gbogbo wọn. Bí Màmá Ìbàdàn bá sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa wọn bí ohùn wọn ṣe ń lọ sókè sódò. Nínú iṣẹ́ fídíò, ìgbà 48,000 ni wọ́n sábà máa ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àwòrán náà, àmì tóótòòtó ló kún inú ẹ̀, nọ́ńbà ló sì ń sọ bí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ṣe pọ̀ tó nínú àmì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo wọ́n ti di nọ́ńbà, a lè mú nọ́ńbà ìlù, ká fi í darí àwòrán. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo so ìró ìlù mọ́ àmì róbótó kan tó wà lára adìrẹ Màmá. Bí ìlù bá dún kíkan, róbótó náà á tóbi, bí ìlù bá rọ̀, á súnkì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó ń mí bí nǹkan ẹlẹ́mìí, igbe ni mo fi bọnu. Mọ́mì sáré wá wò ó, wọ́n rò pé mo ṣubú ni.

Ẹ tún wo ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Gints Zilbalodis, ọmọ orílẹ̀-èdè Latvia. Ní 2019, ó gbé fíìmù kan jáde tó ń jẹ́ Away. Òun nìkan ló kọ ìtàn ẹ̀, òun ló fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán ẹ̀, òun ló tò ó pọ̀, òun náà ló ṣe orin inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n ṣe Flow, ìtàn ológbò kan tí ìkún omi lé kúrò nílé. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú fíìmù náà, àwòrán, ìró àti orin ló gbé gbogbo ẹ̀. Zilbalodis àti ẹnì kan sì ni wọ́n jọ ṣe orin náà. Blender ni wọ́n fi ṣe àwòrán ẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ní oṣù Kẹta 2025, Flow gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù àwòrán alárìnká, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Latvia máa gba Oscar. Bí wọ́n bá ti sọ fún ọmọkùnrin yẹn nílé pé kó mú ọ̀kan, èwo ni wọn ì bá ní kó jù nù?

Mo ti sọ tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Dádì ti jàre, torí wọ́n ní kí n kọ òótọ́.

Fíìmù tí mo ń sọ yìí, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ohùn Màmá ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ. Fíìmù máa ń lo àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n àwa tá à ń yà á sábà máa ń ya 12, ká lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú méjì jẹ́ 120 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀: àwòrán 1,440. Mi ò ya gbogbo ẹ̀ tán, ibi tí nǹkan ti ń padà wá, mo ṣe àdàkọ ẹ̀. Síbẹ̀, oṣù márùn-ún ló gbà mí. Mo kó gbogbo ohun tí mo mọ̀ sínú ẹ̀. Ìlù ń dún, àwòrán ń yí, ọ̀rọ̀ ń fò lójú fídíò bí ẹyẹ. Mo fẹ́ káwọn èèyàn rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo fi ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ padà. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ohùn mi dà? Ìlù ti gba ẹnu mi."

Dádì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ń gbọ́ ọ. Wọn ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí eku mẹ́ta lójú wọn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi fíìmù náà han olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìlù. Wọ́n wò ó tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ta ni ìyáàlù níbẹ̀?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní kíláàsì ìlù mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú wà níbẹ̀, kẹríkẹrì wà níbẹ̀, ìṣáájú wà níbẹ̀, wọn kì í dákẹ́, bí ọ̀kan bá sì kúrò, ẹ máa mọ̀. Àmọ́ wọn kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìyáàlù. Nínú fíìmù mi, gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe ìyáàlù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ariwo.

Mo padà sílé, mo tún un ṣe. Mo ní ohùn Màmá ni ìyáàlù. Ìlù kò gbọ́dọ̀ dún kíkan àfi ibi tí wọ́n bá ti dánu dúró láti mí. Àwòrán kò gbọ́dọ̀ sáré ju ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ó tó ìdajì nínú àwọn àwòrán tí mo ti yà tí mo kó dà nù, ó sì dùn mí gan-an. Nígbà tí mo fi ti ẹ̀ẹ̀kejì ránṣẹ́, ohùn tí Màmá fi ránṣẹ́ padà kò gùn. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìnkùlé wọn. Wọ́n wá ní, "Èmi nìyẹn."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà lóríṣiríṣi àti ẹni tó kàn ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan. Mo ka iye iṣẹ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mi: mẹ́tàdínlógún. Iye tí mo ti parí: méjì. Nítorí náà, òwe Dádì kì í ṣe irọ́. Mo lé eku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mi ò pa. Àmọ́ kì í ṣe pé mo fi orin kún àwòrán ló fà á. Bí mo bá dé ibi tó le ni mo máa ń sá lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọmọ tó ń ṣe ìṣirò nìkan náà lè ní irú àìsàn yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rí ẹni tó mọ ìyáàlù iṣẹ́ ẹ̀, ẹ gba Greenwich lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ National Maritime Museum, ìgò ńlá kan wà tí ọkọ̀ ojú omi wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ Yinka Shonibare ni, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, tí wọ́n sì dàgbà ní Èkó. Ní 2010, Trafalgar Square ló kọ́kọ́ wà. Ìgbòkun ọkọ̀ náà jẹ́ 37, aṣọ alárà bí àǹkárá ni wọ́n fi ṣe é. Shonibare ti ṣe ère, wọ́n ti ṣe fọ́tò, wọ́n sì ti ṣe fíìmù. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn, aṣọ yẹn ló ń padà wá: aṣọ tí gbogbo wa ń pè ní tiwa, tó jẹ́ pé àwọn Òyìnbó ilẹ̀ Netherlands ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wo ti Indonesia kọ́. Ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi wá láti ẹnu ọ̀nà púpọ̀: kí ni tiwa, kí ni tàwọn ẹlòmíì? Kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa ní ọkàn wọn pín.

Nǹkan kan tún kù tó kan ilé ẹ̀kọ́ wa yìí. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Màmá sí ìsàlẹ̀ fíìmù. Mo yan irú lẹ́tà kan tó rẹwà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi àmì sí i, àwọn àmì ń fò kúrò lórí lẹ́tà, òmíràn ń di àpótí òfìfo. Mo wádìí ìdí ẹ̀. Nínú ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, tí wọ́n ń pè ní Unicode, ẹ ní àyè tiẹ̀, é ní àyè tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo tó jẹ́ tiẹ̀. Èèyàn ní láti fi àmì lé ẹ lórí. Bí ẹni tó ṣe irú lẹ́tà náà kò bá ronú kan àwa, àmì á lọ dúró síbi tó wù ú. Mo bínú, mo yọ gbogbo àmì kúrò, mo kọ "iya alaro" lásán. Ni àǹtí mi kan bá pè láti Birmingham: "Ta ni arọ nínú fíìmù yìí? Ẹsẹ̀ Màmá ń dùn wọ́n ni?"

Aró ni mo fẹ́ kọ, àǹtí mi ka arọ. Mo pààrọ̀ irú lẹ́tà náà, mo sì jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì. Ìlù gan-an, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tí kò bá mọ dò, re, mí ọ̀rọ̀ kò lè mọ ohun tí ìyáàlù ń sọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kíláàsì àmì ohùn ti sú yín, ó ti sú èmi náà rí. Àmọ́ ní báyìí, irinṣẹ́ ni mo kà á sí, bíi kọ̀ǹpútà mi.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ń sọ nínú ara wọn pé, "Ọnà dára, ṣé ó ń san owó ilé?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo mọ bí Dádì àti Mọ́mì ṣe ń ṣiṣẹ́ òru nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ìlú yìí, wọn ò ṣe é kí n lè máa yí róbótó lójú kọ̀ǹpútà. Mi ò lè ṣèlérí pé owó máa ti ibẹ̀ wá. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn tó ń ṣe géèmù, fíìmù, ìpolówó ọjà àti mùsíọ̀mù ń wá ẹni tó gbọ́ èdè ayàwòrán, tó tún gbọ́ èdè olórin, tí kọ̀ǹpútà kò sì jẹ́ àjèjì sí. Mo tún lè sọ ibi tí èmi àti Dádì parí ọ̀rọ̀ sí. Mo yọ Music Technology kúrò, mo fi Maths sí i. Art àti Computer Science wà níbẹ̀. Dádì rò pé àwọn ló borí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nípa ara mi, torí ìṣirò ni mo fi so ìlù mọ́ àwòrán. Orin kò kúrò, ó kàn bọ́ sí ọjọ́ Sátidé ni.

Kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi. Bí ọjọ́ àṣekágbá ọdún bá ń bọ̀, ìwé mẹ́rin lẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri: ewì, ijó, ìlù, àwòrán. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ ẹ̀ sí ẹyọ kan. Lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pín ẹgbẹ́ nípa ìtàn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìtàn àgbà kan, kí ẹnì kan gba ohùn sílẹ̀, kí ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú àmì, kí ẹnì kan yàwòrán, kí ẹnì kan lu ìlù, kí gbogbo wọ́n sì jókòó pinnu ìyáàlù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú méjì bíi tèmi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ohùn kan, àwòrán kan. Ẹ lo Krita láti yàwòrán, Audacity láti gba ohùn sílẹ̀, Blender láti mú un rìn, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ pe Màmá tàbí Bàbá yín àgbà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì parí ẹ̀, kódà bí kò bá dára tó.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín tó ń fi ojú kan yàwòrán, tó ń fi etí kan gbọ́ ìlù, ẹ má yára sọ pé kó mú ọ̀kan. Ẹ bi í pé: Kí lò ń sọ? Ta ni ìyáàlù? Ìgbà wo ló máa parí? Bí kò bá rí èsì fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bá a wí, ó tọ́ sí i. Bó bá rí èsì, ẹ jókòó wò ó.

Dádì, ẹ̀yin náà lẹ sọ ìtàn kan fún mi rí, bí ẹ ṣe ń dẹ òkété ní abúlé nígbà ọmọdé yín. Ẹ ní ihò òkété kì í ṣe ẹyọ kan. Bí èèyàn bá dúró síbì kan ṣoṣo, òkété á gba ojú kejì lọ. Ẹ ní ńṣe lẹ máa ń pín ara yín sí ẹnu ihò gbogbo, kó má bàa sí ibi tó máa gbà.

Eku kan ni mò ń lé, Dádì. Ihò ẹ̀ ló pọ̀. Ẹ wá bá mi dúró lẹ́nu ọ̀kan.